Ta Ni Yóò Dá Aláṣẹ Dúró? Ìwé Òfin Gáná àti Àwa Yorùbá Kumasi

Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìwé òfin orílẹ̀-èdè, àti bí ó ṣe ń darí òfin àti òṣèlú. Ìlú tí a wà yìí yẹ ọ̀rọ̀ náà púpọ̀. Ìwé òfin tí Gáná fi gba òmìnira kò tíì pé oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi dán an wò ní Kumasi, àwọn ará Zongo, àdúgbò àwọn àlejò ní Kumasi, ni wọ́n sì fi dán an wò.

Ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1957 ni Gáná gba òmìnira. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, ìjọba Kwame Nkrumah pàṣẹ pé kí wọ́n lé ọkùnrin méjì kúrò ní ìlú yìí. Alhaji Amadu Baba ni ọ̀kan, òun ni olórí Zongo, ẹni tí àwọn Haúsá ń pè ní Sarkin Zongo. Alhaji Othman Larden ni èkejì. Aṣáájú ni àwọn méjèèjì nínú Muslim Association Party, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń bá àwọn alátakò ìjọba ṣe. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ sí ilé ẹjọ́ gíga níbí ní Kumasi. Ohun tí wọ́n sọ fún adájọ́ kò lọ́jú pọ̀: àjèjì ni òfin ní kí ìjọba lé, ọmọ Gáná sì ni àwọn. Nítorí náà ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà níwájú ilé ẹjọ́: ṣé ọmọ Gáná ni wọ́n ni àbí wọn kì í ṣe ọmọ Gáná?

Wọn kò jẹ́ kí ilé ẹjọ́ dáhùn. Ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin jókòó ní Accra, tí wọ́n sáré ṣe òfin kan tí orúkọ àwọn ọkùnrin méjèèjì wà nínú àkọlé rẹ̀ gan-an. Òfin náà ní kí wọ́n lé Larden àti Amadu Baba lọ, ẹjọ́ ì báà wà nílé ẹjọ́, ì báà má sí. Wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ òfuurufú, ó di Kano. Àwọn agbẹjọ́rò wọn ní òfin tuntun náà kò bá ìwé òfin orílẹ̀-èdè mu. Ilé ẹjọ́ ní àwọn aṣòfin lágbára láti ṣe é. Nígbà tí ọ̀rọ̀ sì di pé Krobo Edusei, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, ti fojú di ilé ẹjọ́, ilé ìgbìmọ̀ tún jókòó ní 1958, wọ́n tún ṣe òfin mìíràn tí yóò dáàbò bo mínísítà náà.

Mo fẹ́ kí ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí dáadáa. Kò sí ẹni tó rú òfin nínú rẹ̀ bí ẹ bá wo orí ìwé. Àwọn aṣòfin tí aráàlú dìbò yàn ni wọ́n ṣe òfin. Adájọ́ ka òfin, ó sì tẹ̀ lé e. Síbẹ̀, ẹni méjì pàdánù ìlú tí wọ́n pè ní ti wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbọ́ ẹ̀rí wọn tán. Ohun tó fa èyí ni pé ìwé òfin 1957, tí wọ́n kọ ní Lọ́ńdọ́nù, kò ní orí kankan tó to ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni tó bá ní ìbò tó pọ̀ jù nílé ìgbìmọ̀ ló ni gbogbo rẹ̀. Èrò tí mo bá wá síbí lónìí kò ju ìyẹn lọ: iṣẹ́ tí ìwé òfin orílẹ̀-èdè ń ṣe jù lọ ni pé ó ń sọ ẹni tó lè dá aláṣẹ dúró, ó sì ń sọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè pé kí wọ́n dá a dúró. Bí ẹ bá di ìbéèrè méjì yẹn mú, ìtàn òṣèlú Gáná láti 1957 títí di òní yóò yé yín.

Kí ló tilẹ̀ bí ìjà náà? Kòkó ni. Ní oṣù Kẹjọ 1954, ìjọba fi òfin de owó tí àgbẹ̀ yóò máa gbà lórí ẹrù kòkó kan sí ṣílè 72, nígbà tí kòkó ń gbówó lórí lókè òkun. Inú bí àwọn àgbẹ̀ Asante. Ní oṣù Kẹsàn-án wọ́n dá National Liberation Movement (NLM) sílẹ̀ ní Kumasi yìí, Baffour Osei Akoto, ọ̀kan nínú àwọn agbẹnusọ Asantehene, ọba Asante, sì ni aṣáájú wọn. Orí owó kòkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé ẹni tó ń pín agbára ló ń pín owó. Wọ́n wá ń béèrè pé kí ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní ìjọba tirẹ̀ lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ẹ ó rántí pé irú ètò bẹ́ẹ̀ ni Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ Action Group ń jà fún nílé ní àsìkò kan náà, àti pé ọwọ́ Nàìjíríà tẹ̀ ẹ́ ní 1954. Ní Gáná, ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀ ní ìgboro Kumasi, wọ́n ju bọ́ǹbù sílé ara wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò tẹ̀ ẹ́. Nínú ìdìbò 1956, ẹgbẹ́ Nkrumah, CPP, mú ìjókòó 71 nínú 104. NLM mú 12 péré.

Wọ́n wá fi ìlàjà díẹ̀ sínú ìwé òfin òmìnira: kí ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, kí ìjọba má sì lè dá nìkan yí ààlà ẹkùn padà. Ìlàjà náà kò pẹ́. Àwọn alátakò kọ̀ láti díje nígbà tí wọ́n dìbò sí ìgbìmọ̀ ẹkùn ní 1958, CPP sì gba gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìgbìmọ̀ náà fi ẹnu ara wọn sọ pé kí wọ́n tú àwọn ká. Lọ́dún kan náà, ilé ìgbìmọ̀ ní Accra fa àwọn ìdènà tó wà nínú ìwé òfin tu. Nígbà tó di 1959, wọ́n gé Brong-Ahafo kúrò lára ilẹ̀ Asante, òfin ilé ìgbìmọ̀ lásán sì ni wọ́n fi gé e. Kíkọ̀ tí àwọn alátakò kọ̀ láti díje yẹn dùn mí jù nínú ìtàn náà. Ẹni tó ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ ìwé òfin, tó wá fi ìbínú kọ̀ láti lò ó, ọ̀tá rẹ̀ ni yóò bá a lò ó.

Òfin àhámọ́ tún dé ní 1958. Ó fún ìjọba lágbára láti ti ènìyàn mọ́lé fún ọdún márùn-ún láìgbé e dé iwájú adájọ́. Ní oṣù Kọkànlá 1959 wọ́n mú Baffour Osei Akoto àti àwọn méje mìíràn. Gáná di orílẹ̀-èdè olómìnira tó ní ààrẹ ní ọjọ́ 1 oṣù Keje 1960, wọ́n sì ní ìwé òfin tuntun. Abala 13 nínú rẹ̀ ní kí ààrẹ, nígbà tó bá gorí àléfà, sọ fún gbogbo ayé pé òun gbà pé ó yẹ kí ènìyàn lómìnira láti sọ̀rọ̀, láti péjọ, láti rìn, kí ilé ẹjọ́ sì ṣí sílẹ̀ fún un. Agbẹjọ́rò tó dúró fún Akoto, J. B. Danquah, di abala yẹn mú. Ó ní òfin tó ń ti ènìyàn mọ́lé láìdájọ́ kò lè bá irú ìlérí bẹ́ẹ̀ gbé inú ìwé kan náà.

Àwọn adájọ́ mẹ́ta ló jókòó lórí ẹjọ́ náà ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ: Arku Korsah tó jẹ́ adájọ́ àgbà, van Lare, àti Akiwumi. Ẹ gbọ́ orúkọ kẹta yẹn dáadáa. Augustus Molade Akiwumi, ọmọ oníṣòwò láti Èkó, ẹni tó ti jẹ́ olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gáná kó tó di adájọ́. Ọmọ wa jókòó níbi tí wọ́n ti ń pinnu ohun tí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ yóò já sí ní Gáná. Ní oṣù Kẹjọ 1961, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fohùn ṣọ̀kan pé ìlérí ààrẹ kì í ṣe òfin tí ilé ẹjọ́ lè fi mú un. Wọ́n ní ó jọ ìbúra tí ọba Gẹ̀ẹ́sì máa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń dé e ládé: ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ọkàn ni, bí ìjọba bá sì yẹ̀ ẹ́, kí aráàlú dúró de ọjọ́ ìdìbò. Akoto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà sí àhámọ́. Kò pẹ́, wọ́n mú Danquah fúnra rẹ̀. Inú ẹ̀wọ̀n Nsawam ló kú sí ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì 1965. Wọ́n ti sọ Gáná di orílẹ̀-èdè ẹlẹ́gbẹ́ òṣèlú kan ní 1964, nítorí náà ọjọ́ ìdìbò tí ilé ẹjọ́ ní kí aráàlú dúró dè kò sí mọ́.

Èmi gbà pé ìdájọ́ yẹn kò tọ́. Ìlérí tí wọ́n bá kọ sínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè, tí wọ́n sì ní kí ààrẹ fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò yẹ kó di ọ̀rọ̀ ẹnu. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan jáde nínú rẹ̀ tí àwọn tó kọ ìwé òfin lẹ́yìn náà kò gbàgbé: bí o bá fẹ́ kí ilé ẹjọ́ dáàbò bo ẹ̀tọ́, má ṣe kọ ọ́ bí ìmọ̀ràn. Kọ ọ́ bí àṣẹ, kí o sì dárúkọ ilé ẹjọ́ tí ẹni tí wọ́n fìyà jẹ yóò lọ.

Ológun lé Nkrumah ní 1966. Ìwé òfin ìgbà kejì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹjọ 1969, ó sì ní orí kan fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àti ilé ẹjọ́ tó lè wọ́gi lé òfin. Kofi Busia, ọ̀jọ̀gbọ́n, ọmọ Wenchi, wá di olóòtú ìjọba. Ìwé òfin náà kò tíì pé oṣù mẹ́ta nígbà tí ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá dé.

N kò ní láti ròyìn ọjọ́ yẹn fún àwọn àgbà tó wà níbí. Ìjọba ní kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kó máa lọ. Ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ni gbèdéke. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ṣakí, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì, tí wọ́n ti ní ìsọ̀ lọ́jà Kumasi, tí wọ́n ti kọ́lé, tí àwọn mìíràn tilẹ̀ ti sin òbí wọn síhìn-ín, ta ọjà wọn ní iye yòówù tí ẹni tó bá dúró níwájú wọn bá dá. Àwọn tó kúrò ní Gáná lé ní 100,000. Ìjọ Onítẹ̀bọmi Gáná, tí àwọn oníṣòwò Yorùbá kó ipa ńlá nínú dídá rẹ̀ sílẹ̀, rí ilé ìjọsìn tó ṣófo. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó wọ lọ́rì lọ sílé lọ́dún náà ló jẹ́ pé Twi ni wọ́n gbọ́ dáadáa, tí wọn kò sì tíì fojú rí Nàìjíríà rí.

Báwo ni ìwé òfin tó ní orí ẹ̀tọ́ ṣe gba irú èyí láyè? Níbí ni ìbéèrè kejì mi ti wọlé. Àwọn bàbá wa gbà pé bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Òfin Gáná kò sọ bẹ́ẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1957 lórí ta ni ọmọ Gáná sọ pé bíbí ènìyàn sí Gáná nìkan kò tó. Ọ̀kan nínú òbí tàbí òbí àgbà rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀ pẹ̀lú. Bàbá àti ìyá tó dé láti Ọ̀fà ní 1930, tí wọ́n bímọ ní Kumasi ní 1935, ọmọ náà kò di ọmọ Gáná. Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣàkóso níhìn-ín àti nílé nígbà yẹn, ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n léèrè ìwé, àwọn náà kò sì wá ìwé. Ìgbà tí ìwé wá di ohun tó ń pààlà láàárín onílé àti àlejò, wọ́n wà ní ìhà tí kò dára. Ilé ẹjọ́ ṣí sílẹ̀ ní 1969, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí ìlà kan nínú ìwé òfin tó fún àjèjì ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé ìlú, kò sì sí oníṣòwò tó lè rí ìdájọ́ gbà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọmọ Gáná náà sì kúkú jẹ nínú ìwà ìjọba kan náà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọba Busia dá òṣìṣẹ́ 568 dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, E. K. Sallah, lọ sílé ẹjọ́, ó sì jàre ní oṣù Kẹrin 1970. Busia bọ́ sórí rédíò, ó ní kò sí ilé ẹjọ́ tó lè fipá mú ìjọba gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́. Ìjọba tó ti fi ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì ṣe bó ṣe wù ú láìsí ẹni tó bi í, ọdún kan kò pé tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá ilé ẹjọ́ wí nítorí ọmọ onílẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1972, ológun gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀.

Òtítọ́ ni kí a sọ: àwa náà ṣe é. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1983, ìjọba Shehu Shagari ní kí àjèjì tí kò ní ìwé kúrò ní Nàìjíríà, àwọn ènìyàn tó lé ní àádọ́ta ọ̀kẹ́ sì dìgbà dìgbọ̀n padà sílé, ọmọ Gáná ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1979 ní orí ẹ̀tọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà nìkan ló fún lómìnira láti máa rìn kí ó sì máa gbé níbi tó bá wù ú. Ọwọ́ tí ìwé òfin méjèèjì fi mú àlejò, ọwọ́ kan náà ni.

Jerry Rawlings fi ìbọn gbàjọba ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1981, ó sì jẹ́ pé lábẹ́ rẹ̀ náà ni wọ́n ti kọ ìwé òfin tí Gáná ń lò lónìí. Aráàlú dìbò bẹ́ẹ̀-ni-bẹ́ẹ̀-kọ́ sí i ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin 1992; nínú gbogbo 100 tó dìbò, àwọn tó gbà á wọlé ju 90 lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 7 oṣù Kìn-ín-ní 1993. Bí ẹ bá kà á pẹ̀lú ìtàn tí mo sọ, ẹ ó rí i pé àwọn tó kọ ọ́ ń dá Larden, Akoto àti Sallah lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Abala 1 ní òfin yòówù tó bá ta kò ó, asán ni. Abala 2 ní ẹni tó bá rí irú òfin bẹ́ẹ̀ lè gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Orí 5 to ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, abala 33 sì dárúkọ ilé ẹjọ́ gíga gẹ́gẹ́ bí ibi tí ẹni tí wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú yóò lọ.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi dán an wò. Ní oṣù Kejì 1993, ọlọ́pàá tú àwọn tó ń wọ́de ká ní Accra. Ẹgbẹ́ alátakò, NPP, lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fagi lé òfin tí ológun ṣe ní 1972, tó ní èèyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá kó tó péjọ tàbí kó tó wọ́de. Nígbà tí ìjọba Rawlings fẹ́ fi owó ìlú ṣe àjọ̀dún ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ gbàjọba, NPP tún lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì ní kò tọ́. Ẹ rò ó wò: ààrẹ tó wà lórí àléfà, tí ológun wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn adájọ́ ní kó má fi owó ìlú ṣe àjọ̀dún tirẹ̀, ó sì gbà. Ní 1961, irú rẹ̀ kò ṣeé fọkàn rò. Àwọn tó rántí pé ní oṣù Kẹfà 1982 ni wọ́n jí adájọ́ mẹ́ta gbé, tí wọ́n sì pa wọ́n, ni yóò mọ irú ìgboyà tí ìdájọ́ yẹn gbà.

Ìdìbò náà di ohun tí ilé ẹjọ́ ń wò. Abala 64 fún ọmọ Gáná ní ọjọ́ 21 láti ta ko èsì ìdìbò ààrẹ. Nígbà tí Nana Akufo-Addo, olùdíje NPP, ta ko èsì 2012, gbogbo Gáná ló jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ó pàdánù ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ 2013, ó ní ìdájọ́ náà kò tẹ́ òun lọ́rùn ṣùgbọ́n òun gbà á. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ó wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ oyè, nítorí pé Kumasi la wà. Lábẹ́ òfin 1961, ẹni tí mínísítà bá mọ̀ lọ́ba nìkan ni ọba. Ìwé òfin 1992 yí i padà pátápátá. Abala 270 fi oyè jíjẹ àti ìgbìmọ̀ àwọn ọba múlẹ̀, ó sì ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kò gbọ́dọ̀ ṣe òfin tó fún ẹnikẹ́ni lágbára láti fọwọ́ sí ọba tàbí láti gbọ́wọ́ kúrò lórí rẹ̀. Àṣà ìdílé àti àwọn afọbajẹ ló ń fi Asantehene jẹ. Ààrẹ kò lè rọ̀ ọ́ lóyè. Ní ìdàkejì, abala 276 ní ọba kò gbọ́dọ̀ bá wọn ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú. Bó bá fẹ́ wọ ilé ìgbìmọ̀, kó fi oyè sílẹ̀. Ẹ fi èyí wé tiwa. Ní 1954, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lé Aláàfin Adéyẹmí Kejì kúrò ní Ọ̀yọ́ nítorí ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ní oṣù Kẹta 2020, gómìnà Kano rọ Muhammadu Sanusi lóyè ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n sì gbé e kúrò nílùú. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 kò fún ọba ní iṣẹ́ kankan, kò sì fún un ní ààbò. Abẹ́ òfin ìpínlẹ̀ ni ọba wà, ọwọ́ gómìnà sì ni òfin ìpínlẹ̀ fi í sí. Ìdí nìyí tí ọba wa nílé fi ń wo ojú gómìnà kó tó sọ̀rọ̀, tí Asantehene sì lè sọ̀rọ̀ sí ìjọba yòówù tó bá wà ní Accra. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, Gáná ṣe dáadáa jù wá lọ.

Ṣùgbọ́n ìwé òfin náà fi agbára púpọ̀ jù sílẹ̀ lọ́wọ́ ààrẹ, Kumasi sì mọ̀ ọ́n lára. Ìlú yìí kì í sábà dìbò fún NDC, ẹgbẹ́ tó ń bá NPP du ìjọba. Síbẹ̀, nígbàkigbà tí NDC bá wọlé ní Accra, ààrẹ NDC ni yóò yan olórí ìlú Kumasi, nítorí abala 243 fún un lágbára láti yan olórí gbogbo ìjọba ìbílẹ̀, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ bá ti fọwọ́ sí i. Kì í ṣe pé NPP kì í ṣe irú rẹ̀ níbòmíràn; ètò náà gan-an ni àléébù wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí NLM ń jà fún ní 1954 ṣì wà nílẹ̀. Ìjọba Akufo-Addo fẹ́ ṣe ìdìbò bẹ́ẹ̀-ni-bẹ́ẹ̀-kọ́ ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá 2019 kí ẹgbẹ́ òṣèlú lè máa díje ní ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnu kò kò lórí rẹ̀, ó fagi lé e. Abala 78 tún ní kí púpọ̀ nínú àwọn mínísítà wá láti inú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Aṣòfin tó bá ń retí àtidi mínísítà kò ní fẹ́ bí ààrẹ nínú.

Ilé ìgbìmọ̀ àti ilé ẹjọ́ pẹ̀lú ti forí gbárí. Lẹ́yìn ìdìbò 2020, NPP àti NDC ní ìjókòó 137 sí 137, ẹnì kan ṣoṣo ló kù láàárín wọn: Andrew Amoako Asiamah láti Fomena, níhìn-ín ní ẹkùn Asante, tó díje láìní ẹgbẹ́. Bí ó ṣe gbè sẹ́yìn NPP ló sọ wọ́n di ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù. Ní oṣù Kẹwàá 2024, Alban Bagbin, olórí ilé ìgbìmọ̀, ní ìjókòó aṣòfin mẹ́rin ti ṣófo lábẹ́ abala 97 nítorí wọ́n fẹ́ fi ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ tàbí kí wọ́n wọ ẹgbẹ́ tuntun, ti Fomena sì wà nínú wọn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá sí i, adájọ́ 5 sí 2 ní olórí ilé kò ka abala náà bó ṣe tọ́. Bí ilé ìgbìmọ̀ kò bá gba ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ gbọ́, tí ilé ẹjọ́ kò sì bọ̀wọ̀ fún ilé ìgbìmọ̀, kò sí abala tó lè là wọ́n.

Ó ku ọ̀rọ̀ tiwa. Lónìí, ìwé òfin Gáná pín ẹ̀tọ́ sí ọ̀nà méjì. Apá kan jẹ́ ti gbogbo ẹni tó wà ní Gáná: abala 12 ní ibi yòówù tí o ti wá, ẹ̀tọ́ orí 5 jẹ́ tìrẹ. Ọlọ́pàá kò gbọ́dọ̀ tì ọ́ mọ́lé ju wákàtí 48 lọ láìgbé ọ dé ilé ẹjọ́. Abala 23 ní òṣìṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ bá ọ lò pẹ̀lú òdodo. Apá kejì jẹ́ ti ọmọ Gáná nìkan: ìbò, oyè òṣèlú, ẹ̀tọ́ láti wà nílùú láìsí ẹni tó lè ní kó lọ. Lórí ilẹ̀, abala 266 ní ẹni tí kì í ṣe ọmọ Gáná kò lè ra ilẹ̀ gbéré. Ọdún 50 ni èyí tó pọ̀ jù tí wọ́n lè fi yá a lẹ́ẹ̀kan. Òfin 2013 lórí okòwò ní àjèjì kò gbọ́dọ̀ tajà nínú ọjà tàbí lórí àtẹ, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣòwò rírà-àti-títà gbọ́dọ̀ ní owó tó tó mílíọ̀nù kan dọ́là. Ọ̀pọ̀ ìsọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n tì ní Kumasi láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, orí òfin yìí ni ìjà náà dúró lé. Àdéhùn ECOWAS tí a máa ń tọ́ka sí kò lè ré kọjá ìwé òfin Gáná. Abala 75 ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, òfin Gáná sì ni adájọ́ yóò kà. Bí òfin náà bá tilẹ̀ dè wá, kò fún ẹgbẹ́ oníṣòwò kankan lágbára láti fi àgádágodo ti ìsọ̀ ẹlòmíràn. Ìjọba nìkan ló lè ṣe é, ó sì gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà tó tọ́. Ẹni tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí, ilé ẹjọ́ gíga wà ní Kumasi yìí.

Nítorí náà, ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún rèé. Ẹnikẹ́ni nínú yín tí wọ́n bí lẹ́yìn ọjọ́ 7 oṣù Kìn-ín-ní 1993, tí ọ̀kan nínú òbí tàbí òbí àgbà rẹ̀ jẹ́ ọmọ Gáná tàbí ti jẹ́ ọmọ Gáná rí, abala 6 ti sọ pé ọmọ Gáná ni láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Kó lọ kó ìwé ìbí àwọn àgbà rẹ̀ jọ nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè láti jẹ́rìí. Ẹni tó fẹ́ ọmọ Gáná, kó kọ̀wé láti di ọmọ Gáná. Ẹni tó ti ń gbé níbí fún ọdún mẹ́fà, tó gbọ́ Twi tàbí èdè Gáná mìíràn, òfin 2000 ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún un láti kọ̀wé. Ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí bẹ́ẹ̀ kò ní sọ ilé nù nítorí rẹ̀. Ìwé òfin Nàìjíríà gbà kó di méjèèjì mú. Ìjọba tún gbé ìgbìmọ̀ kan dìde ní oṣù Kìn-ín-ní 2025 lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n H. Kwasi Prempeh láti tún ìwé òfin náà wò. Àtúnṣe sí àwọn abala tó ṣe pàtàkì jù kò lè ṣẹlẹ̀ láìsí ìdìbò bẹ́ẹ̀-ni-bẹ́ẹ̀-kọ́, níbi tí ó kéré tán 40 nínú 100 olùdìbò gbọ́dọ̀ jáde, kí 75 nínú 100 tó jáde sì gbà. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ní ẹ̀tọ́ ìbò nínú wa ti wà lórí ìwé. Ẹ ra ìwé òfin náà, ẹ ka orí 5 sétí àwọn ọmọ yín, ẹ sì lọ gba ìwé yín nígbà tí kò sí ẹni tó ń lé yín.